Síkéèlì, téèpù aránṣọ, àga tàbí CT scan: èwo ló máa sọ òótọ́ nípa ẹran ara ẹni tí jẹjẹrẹ mú lọ́rùn?

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kọ "wọ́n dúró dáadáa" sínú ìwé bàbá kan tí jẹjẹrẹ gògóńgò ń bá fínra. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gun síkéèlì níwájú mi ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí: kílò 61, kílò 61 àti ààbọ̀, kílò 61. Inú mi ń dùn. Ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ántí nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi wo itan Bàbá." Mo ní kí bàbá ká ṣòkòtò sókè. Itan tí mo rí kò fi bẹ́ẹ̀ ju apá mi lọ. Nísàlẹ̀, ojúgun àti ọrùn ẹsẹ̀ ti wú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì tètè dìde. Ẹran ti lọ, omi ti gba ipò rẹ̀, kílò ò sì yí padà. Síkéèlì ò purọ́ fún mi. Èmi ni mo ń bi í ní ohun tí kò mọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọ̀nà ìwọ̀n kan wé òmíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣe fisió ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, àti ọmọ tó ń gbé òbí rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú, tó fẹ́ mọ èyí tí òun lè ṣe nílé àti èyí tó yẹ kí òun béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Kí la tilẹ̀ fẹ́ wọ̀n?

Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí jẹjẹrẹ mú lẹ́nu, láhọ́n tàbí ní ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: iyán á kọ́kọ́ di ohun tí kò ṣeé gbé mì, ọkà á tẹ̀lé e, ẹ̀kọ náà á wá di èyí tí wọ́n ń pò mu. Nígbà tí ìtànṣán bá bẹ̀rẹ̀, tó sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, ẹnu á bó, itọ́ á gbẹ, ata á di iná, ẹran ìgalà gan-an á dà bí pátákó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ebi nìkan kọ́ ló ń jẹ ẹran ara. Àrùn náà ń mú kí ara wà lójú ogun tọ̀sán-tòru, ara sì ń tú ẹran tirẹ̀ palẹ̀ láti fi dáná. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè máa jẹun níwọ̀nba kí ẹran ara rẹ̀ sì máa yọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ ni. Àwọn tí ẹran ara wọn kéré ni kẹ́mò máa ń yọ lẹ́nu jù, ìtọ́jú wọn ló máa ń dúró lójú ọ̀nà, ẹ̀mí wọn kì í sì í sábà gùn tó ti ẹgbẹ́ wọn. Ẹ wo cisplatin, oògùn tí wọ́n ń lò jù pẹ̀lú ìtànṣán fún àrùn yìí: gíga àti kílò ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ènìyàn méjì lè ga bákan náà kí kílò wọn sì dọ́gba, kí ti ọ̀kan jẹ́ ẹran, kí ti èkejì jẹ́ ọ̀rá àti omi. Oògùn kan náà ni wọ́n máa gbà, ara wọn ò sì ní gbà á bákan náà.

Nítorí náà, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹran ṣe pọ̀ tó lọ́tọ̀, ohun tí ẹran náà lè ṣe lọ́tọ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tún ṣe tó jáde ní 2019 fi agbára ṣíwájú: bí agbára bá ti dín kù, ẹ fura, bí ìwọ̀n ẹran bá tún kéré, ó dájú. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n kọ ìlànà yẹn fún, kì í ṣe oníjẹjẹrẹ, àmọ́ mo fara mọ́ bí wọ́n ṣe tò ó.

Síkéèlì

Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ nípa rẹ̀, mi ò ní kí ẹ gbé síkéèlì jùnù. Ohun kan wà tó mọ̀ dáadáa, òun ni ìyípadà tó yára. Bí ènìyàn bá pàdánù ju ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ láàrin oṣù 6 láìgbèrò, ìyẹn nìkan ti tó fún àwọn onímọ̀ oúnjẹ lágbàáyé láti dá a dúró wò. Bàbá tó wọn kílò 62 nígbà ọdún Iléyá tó wá wọn 57 lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ti pàdánù ìdá 8. Fún ẹni tó ti rù tẹ́lẹ̀, tí BMI rẹ̀ ò tó 20 (ẹ fi gíga ní mítà pín kílò lẹ́ẹ̀mejì), ohun tó bá ju ìdá 2 lọ ti burú.

Ohun mẹ́ta ló ń tan síkéèlì jẹ: omi tó wú sẹ́sẹ̀ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sí ara, ọ̀rá, àti síkéèlì mìíràn. Ẹ̀kẹta yìí ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń gba kẹ́mò nítòsí ilé tó sì ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó fún ìtànṣán. Síkéèlì ibí sọ 58, tọ̀hún sọ 60, ẹbí á máa dúpẹ́ pé ara ń bọ̀ sípò. Síkéèlì kan ṣoṣo ni kí ẹ gbà gbọ́, láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ọ̀rá ní tirẹ̀ ń bo àwọn ìyá wa mọ́lẹ̀. Màmá tó sanra tí kílò rẹ̀ sọ̀ láti 96 sí 88, àwọn aládùúgbò á ní ó ti wá ṣe gendegbe, ó ti rẹwà sí i. Nínú kílò 8 yẹn, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ẹran àyàfi kí a wọ̀n ọ́n lọ́nà mìíràn.

Téèpù aránṣọ

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ilé, mi ò sì ní fi pamọ́. Téèpù tí kì í nà, èyí tí àwọn télọ̀ ń so mọ́rùn, kò wọ́n, kò sì nílò iná NEPA.

Ẹ̀yìn ojúgun ni wọ́n sábà ń wọ̀n, níbi tó ki jù lábẹ́ orúnkún. Kí ẹni náà jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí orúnkún tẹ̀ bí igun ilé. Ẹ fi téèpù yí i ká láìfún un, ẹ gbé e sókè-sódò títí ẹ ó fi rí ibi tó ga jù. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ Éṣíà gbé jáde ní 2019 sọ pé bí ó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 34 fún ọkùnrin tàbí 33 fún obìnrin, kí a fura. Fún ẹni tó sanra, ọ̀rá wà lábẹ́ téèpù náà, nítorí náà àwọn onímọ̀ ti ṣírò ohun tí a ó yọ kúrò kí a tó fi wé iye yẹn: sẹ̀ǹtímítà 3 bí BMI bá wà láàrin 25 sí 30, sẹ̀ǹtímítà 7 bí ó bá wà láàrin 30 sí 40. Màmá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ká ní BMI rẹ̀ jẹ́ 33, tí téèpù sì ka 38, ẹ yọ 7, ó ku 31. Ó ti wà nísàlẹ̀ ìlà, bẹ́ẹ̀ àwọn aládùúgbò ṣì ń kí i.

Àwọn iye yìí kì í ṣe ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà tàbí ọmọ Ifẹ̀. Ara àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti fà wọ́n yọ. Ọwọ́ tí mo fi mú wọn rọ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ kan náà jẹ́ lóṣù tó kọjá ni mo máa ń fi wé tòní.

Bí ẹsẹ̀ bá wú, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, apá ló kàn. Ẹ wá àárín gbùngbùn láti ṣóńṣó èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ fi báírò sàmì sí i, ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú apá tó sọ kalẹ̀. Wíwọ̀n apá kì í ṣe àjèjì sí Nàìjíríà. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tó ń ṣe ìrànwọ́, lò ó pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga láti mọ ọmọ tí ebi ń pa jù nígbà tí kò sí àkókò láti gbé síkéèlì kiri.

Ohun kan wà tí ìwé kì í sábà sọ fún ẹbí. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti mú ẹran tàbí eegun. Wọ́n lè mú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun láti fi ṣe àgbọ̀n tuntun. Wọ́n lè mú awọ apá ìsàlẹ̀ láti fi tún ahọ́n ṣe. Ẹsẹ̀ tàbí apá tí wọ́n ti mú nǹkan kì í ṣe èyí tí a ń wọ̀n mọ́. Ìkejì rẹ̀ ni.

Àga

Àwa Ìjẹ̀ṣà la ni òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń tajà láwìn láti ìlú dé ìlú á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò sì ní dìde títí owó á fi jáde. Ẹni tó lè lóṣòó láti àárọ̀ dọ̀sán kó sì dìde láìdi nǹkan mú, itan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò àga kò ju èyí lọ: kí ènìyàn ká apá mọ́ àyà, kó dìde dúró gbọnrangandan kó sì jókòó padà nígbà 5, kí ẹnì kan máa wo aago fóònù. Bí ó bá ju sẹ́kọ́ńdì 15 lọ, agbára ti dín. Bí kò bá lè dìde láìfi ọwọ́ ti àga, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, èsì ni.

Ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri. Àga kan náà ni kí ẹ máa lò, nítorí àga ìdáná àti àga pálọ̀ kò ga bákan náà, èyí tó rì sísàlẹ̀ á sọ alágbára di aláìlera. Ohun tó ń da àyẹ̀wò yìí rú ni orúnkún tó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára, àti èémí tó ń gé nítorí kókó tó dí ọ̀nà ọ̀fun. Bàbá kan sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ò ṣàárẹ̀ o, èémí ni ò tó mi." Òótọ́ ló sọ. Mo kọ ọ́ síwájú iye sẹ́kọ́ńdì, kí ẹni tó máa kà á lẹ́yìn mi má baà ṣì í túmọ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fún mọ́wọ́

Ilé ìwòsàn ló yẹ kó ra èyí, kì í ṣe ẹbí. Ẹni náà jókòó, ó tẹ ìgbọ̀nwọ́, ó fún ẹ̀rọ náà bó ṣe lè le tó, ìgbà mẹ́ta lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ga jù ni a ń mú. Ìlànà Yúróòpù fi ìlà sí kílò 27 fún ọkùnrin àti 16 fún obìnrin. Ti Éṣíà fi sí 28 àti 18. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti pọ̀ fún un. Ẹsẹ̀ wíwú kò kàn án, ọ̀rá kò kàn án. Agbára ọwọ́ tún máa ń sọ̀ kí téèpù tó rí nǹkan kan.

Wàhálà rẹ̀ fún àwọn aláìsàn tiwa yìí ni cisplatin, tó lè mú kí ìka kú tipiri, àti iṣẹ́ abẹ ọrùn tó lè mú kí èjìká kan já sílẹ̀. Bí ọwọ́ kan bá já lulẹ̀ tí èkejì sì dúró bó ṣe wà, ẹ má ṣe tètè pè é ní ẹran yíyọ́.

Ìwé ìbéèrè

Mi ò ní pẹ́ níbí. SARC-F jẹ́ ìbéèrè 5: gbígbé ẹrù, rírìn, dídìde lórí àga, gígun àtẹ̀gùn, ìṣubú. Àmì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìfura. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí ẹran ara wọn ti lọ ló ń gba àárín rẹ̀ kọjá, pàápàá àwọn tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré. PG-SGA, ìwé ìbéèrè mìíràn, ló dára jù fún jẹjẹrẹ, nítorí ó ń béèrè ohun tó ń dí oúnjẹ lọ́nà gan-an: ẹnu gbígbẹ, egbò ẹnu, òórùn tó ń kọni lóúnjẹ, ìrora ọ̀fun. Àmì 9 sókè túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di kíákíá. Ẹni tó máa lò ó gbọ́dọ̀ lè tú u sí Yorùbá tí ìyá arúgbó á gbọ́, kì í ṣe èyí tí yóò ka Gẹ̀ẹ́sì sí i létí.

CT scan ọrùn: owó tí ẹ ti ná tẹ́lẹ̀

Ibí ni mo ti fẹ́ fẹsẹ̀ palẹ̀, nítorí àwòrán tó lè dáhùn ìbéèrè wa ti sábà wà nínú àpò aláìsàn kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án.

Fún jẹjẹrẹ inú, àwọn onímọ̀ máa ń wọn ẹran ara lórí àwòrán ní ibi eegun kẹta ìbàdí, wọ́n á fi gíga ènìyàn pín in lẹ́ẹ̀mejì. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2013 tí wọ́n ń tọ́ka sí jù, ìlà wà ní 41 fún obìnrin. Fún ọkùnrin, 43 bí BMI rẹ̀ kò bá tó 25, 53 bí ó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ya àwòrán ikùn ẹni tí kókó wà láhọ́n rẹ̀? Ọrùn ni wọ́n ń yà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Nẹ́dálándì fi hàn pé a lè lo eegun kẹta ọrùn dípò rẹ̀. Wọ́n ń wọn iṣan gbọọrọ méjì tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, àti àwọn iṣan tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Kọ̀ǹpútà á mú kìkì ohun tí ìkì rẹ̀ wà láàrin -29 sí +150 lórí òṣùwọ̀n CT, èyí tí í ṣe ti ẹran, á sì fi ọ̀rá sílẹ̀.

Ìṣirò wọn láti ọrùn dé ìbàdí nìyí: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 27.304, ẹ fi ìwọ̀n iṣan ọrùn lọ́nà 1.363 kún un; ẹ yọ ọjọ́ orí lọ́nà 0.671, ẹ fi kílò lọ́nà 0.640 kún un. Kí ẹ sì fi 26.442 kún un fún obìnrin, ìlọ́po méjì rẹ̀ fún ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin àfọwọ́dá kan ṣe é: ọdún 58, kílò 55, mítà 1.70, iṣan ọrùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú-lóòró. Èsì á jẹ́ bíi 117.4. Ẹ fi 1.70 pín in lẹ́ẹ̀mejì, ó di 40.6. BMI rẹ̀ jẹ́ 19, ìlà rẹ̀ ni 43. Ẹran ara rẹ̀ kéré kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ rárá, dókítà sì ti mọ ohun tó fẹ́ fi kẹ́mò kàn.

Ẹ kíyè sí i pé kílò wà nínú ìṣirò náà. Bàbá tèmi tí omi wà lẹ́sẹ̀ wọn á tún fi omi yẹn tan CT jẹ díẹ̀. CT pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ síkéèlì pátápátá.

Tí kókó bá ti wọ inú iṣan ẹ̀gbẹ́ kan ọrùn, ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n á sọ ọ́ di méjì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọrùn tàbí ìtànṣán, mo máa ń ṣọ́ra, torí iṣan ibẹ̀ lè súnkì nítorí ìtọ́jú fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ ti gbogbo ara. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ni CT ọrùn ti wúlò jù, lẹ́ẹ̀kan, kí kẹ́mò tó wọlé. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rán aláìsàn lọ ya CT tuntun nítorí ẹran ara nìkan. Owó ńlá ni, ìtànṣán sì ni.

Ohun tí ẹbí lè ṣe nípa rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ya scan, ẹ gba CD rẹ̀, ẹ má gba fíìmù nìkan. Fíìmù dúdú tí wọ́n ń gbé sójú iná kò ṣeé wọn ìkì ẹran lórí rẹ̀. Láti inú CD, ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣe iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà lásán, bí ẹni tó mọ àwòrán ara bá wà nídìí rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ yòókù

BIA ni èyí tí wọ́n ń gun bíi síkéèlì tàbí tí wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tó ń rán iná díẹ̀ gba ara kọjá. Omi ni iná náà ń tọ̀, nítorí náà ẹni tí omi ò tó lára rẹ̀ nítorí kò lè gbé mì, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi sí lára, méjèèjì á gba iye tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlù-ọkàn kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Àwọn tó ń tà á lọ́jà máa ń jẹ́ kó dà bí àfọ̀ṣẹ. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ ultrasound, èyí tí gbogbo aboyún mọ̀, lè wọn bí iṣan iwájú itan ṣe nípọn tó. Kò ní ìtànṣán, wọ́n sì lè gbé e wá síbi bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ni ọ̀rọ̀ wà: bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan jù, iṣan á fẹ́lẹ́ lójú ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan náà ló ń ṣe é nígbà gbogbo, ó dára. DXA, ẹ̀rọ ìtànṣán tó ń ya ẹran, ọ̀rá àti eegun sọ́tọ̀, dára púpọ̀, ìtànṣán rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó ń wá owó ọkọ̀ Ìbàdàn kò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ rin ìrìn àjò mìíràn.

| Ọ̀nà | Ohun tó mọ̀ | Ohun tó ń tàn án jẹ | Ibi tí mo ti máa lò ó |
|---|---|---|---|
| Síkéèlì | àdínkù tó yára | omi, ọ̀rá, síkéèlì mìíràn | níbi gbogbo, kì í ṣe òun nìkan |
| Téèpù | bí ẹran ṣe pọ̀ tó | ẹsẹ̀ wíwú, ọ̀rá, ojú iṣẹ́ abẹ | ilé |
| Àga | agbára itan | orúnkún, èémí | ilé àti kílíníìkì |
| Ẹ̀rọ ọwọ́ | agbára ọwọ́ | ìka tó kú tipiri, èjìká tó já | kílíníìkì |
| CT ọrùn | bí ẹran ṣe pọ̀ tó | kókó tó wọ iṣan, ìtànṣán àtẹ̀yìnwá | kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀ |
| BIA | omi ara ní pàtàkì | omi ara | bí ó bá ti wà nílẹ̀ |

Èwo ni kí n mú?

Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tàbí ìyàwó aláìsàn ni ẹ, téèpù àti àga, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi síkéèlì kún un bó bá wà. Àwọn mìíràn fẹ́ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́; ìjayà ló ń mú wá, torí ọwọ́ tó di téèpù mú lè yẹ̀ díẹ̀ lónìí, kó yẹ̀ sódì lọ́la.

Bí ó bá jẹ́ kílíníìkì kékeré, ẹ̀rọ ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ra, kì í ṣe BIA. Kí ẹ sì fi PG-SGA tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń ka CT ọrùn, irú OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ní ẹ̀ka ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà, mo rò pé iye iṣan ọrùn yẹ kó wà nínú èsì tó ń bọ̀ sọ́wọ́ dókítà, bí ìwọ̀n kókó ṣe ń wà níbẹ̀.

Níbo ni iye wọ̀nyí máa gbé? Ìlú wa ti dáhùn èyí rí. Láti 1956 ni dókítà ọmọdé kan, David Morley, ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti ibẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti jáde, èyí tí wọ́n ń fa ìlà sí lóṣooṣù. Lọ́wọ́ ìyá ọmọ ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe nínú dúróọ̀ ilé ìwòsàn, ìlà tó ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ ni wọ́n sì ń wò, ju iye kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó ń lọ láti Iléṣà sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀, nílò irú rẹ̀: ìwé kékeré kan nínú àpò, ọjọ́ níwájú, iye lẹ́yìn.

Ọmọbìnrin tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà ra ìwé ogójì ojú ewé. Nítorí ẹsẹ̀ bàbá wú, apá ló ń wọ̀n. Lẹ́yìn oṣù kan ó gbé e wá: sẹ̀ǹtímítà 24, 23 àti ààbọ̀, 23 àti ààbọ̀, 23. Àga: sẹ́kọ́ńdì 17, 19, 22, "wọ́n fi ọwọ́ ti àga." Kílò: 61, 61, 60 àti ààbọ̀, 61. Mo gbé ìwé náà síwájú dókítà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gba rọ́bà oúnjẹ sínú ikùn bàbá, tí wọ́n sì pe onímọ̀ oúnjẹ láti ṣírò èròjà ẹran, ẹyin àti mílíìkì tó máa tó wọn lóòjọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé bí rọ́bà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ tán, bàbá wò ó, wọ́n fi ìka wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé iyán lè gba ibí yìí kọjá ṣá?"